Lẹ́tà mi sí Mínísítà ohun àlùmọ́nì ilẹ̀: ẹ bá wa wá iná kẹ́ ẹ tó wá òkúta

Ọlọ́lá Mínísítà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní iléeṣẹ́ yín l'Abuja. Ẹ ò mọ̀ mí. Oníwíńdò ni mí, Tanke n'Ílọrin níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kásímẹ́ǹtì, sláídìnì, ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń fi alumíníọ́mù ṣe lára ilé la máa ń ṣe, ó ti pé ọdún 16 tí mo ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, èmi náà sì ti ní ọmọọṣẹ́ mẹ́ta báyìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ksáìtì, òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ́mù lára ẹ̀, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Alhaja kan tó ń kọ́lé s'Ómù-Àrán ní kí n wá wọn wíńdò fáwọn, mo lọ, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ iye ẹ̀ fún wọn, mo wá ní ẹ jọ̀ọ́ Alhaja, iye yìí ò kọjá Thursday o, tó bá di Friday mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀ mọ́. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé bí ẹ̀yin oníwíńdò ṣe máa ń ṣe nìyí. Mi ò lè bínú, torí èmi gan-an tí mo bá lọ ra prófáìlì, ìyẹn ọ̀pá alumíníọ́mù tá a fi ń ṣe férémù wíńdò, iye tí wọ́n pè lánàá kọ́ ni wọ́n máa pè lónìí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọjà irin tó wà ní London ni wọ́n ti ń mọ iye tí tọ́ọ̀nù alumíníọ́mù máa jẹ́, dọ́là ni wọ́n sì fi ń pè é, kódà prófáìlì tí wọ́n fà ní Nàìjíríà níbí, ẹ̀yìn dọ́là ló ń tẹ̀ lé. Ni Alhaja bá ní àmọ́ àwọn gbọ́ ọ lórí rédíò pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ́mù wà nílẹ̀ wa, ó wà l'Ékìtì, ó wà lórí òkè Mambilla ní Taraba, ṣé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, owó wíńdò ò ní wálẹ̀ ni?

Mi ò rí èsì gidi fún wọn. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀, bọ̀dá kan tó jẹ́ tíṣà kẹ́mísírì ládùúgbò wa jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ méjì, mo tún ń kà á fúnra mi lórí fóònù. Ohun tí mo rí ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, torí ibi tí gbogbo èèyàn ń wò kọ́ ni ìṣòro wà. Òkúta ni gbogbo wa ń wò. Iná ni ìṣòro, iná NEPA tá a mọ̀ yìí náà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi òkúta yẹn bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ìyá tó bí ìyá mi, ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní Dada l'Ókèlele níbí, ìṣaasùn, orù omi, ẹni tó bá mọ Ìlọrin dáadáa á mọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí bọ̀dá yẹn sọ fún mi pé alumíníọ́mù wà nínú amọ̀ tí Màmá ń fi mọ ìkòkò, mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó ní òótọ́ ni, pé nínú gbogbo irin tó wà lára èèpo ilẹ̀ ayé, kò sí èyí tó pọ̀ tó o, àmọ́ nínú amọ̀ ṣe ló lẹ̀ pinpin mọ́ síríkà tó jẹ́ ara yanrìn, owó tí wọ́n máa fi tú wọn kúrò lára wọn máa ju ohun tí wọ́n á rí níbẹ̀ lọ. Bọ́ksáìtì yàtọ̀. Ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ sí tí oòrùn sì ń pa fún àìmọye ọdún, omi á ti fọ síríkà lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́kù ni alumíníọ́mù pẹ̀lú irin tó ń jẹ́ kó pupa. Ẹ̀yin náà mọ yangí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni yangí àti bọ́ksáìtì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wáyé, kìkì pé irin ló pọ̀ jù nínú yangí tó kún ilẹ̀ wa káàkiri, alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú bọ́ksáìtì. Ẹ bá mi sọ ìyẹn sétí aráàlú lọ́jọ́ kan, torí ní Ìgbómìnà lọ́hùn-ún, ẹni bá ti rí òkè pupa báyìí á ti máa ní owó ló wà ńbẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì máa ń fi irú ẹ̀ gba tọwọ́ wọn.

Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Berthier ló kọ́kọ́ ṣàlàyé òkúta yìí lọ́dún 1821, ara orúkọ abúlé Les Baux tí wọ́n ti rí i ni wọ́n ti fa orúkọ ẹ̀ yọ. Ìyẹn ò pọn dandan. Ohun tó pọn dandan ni ìrìn tí òkúta yẹn máa rìn kó tó di prófáìlì tí mò ń gé ní ṣọ́ọ̀bù, torí ó jìn ju bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Wọ́n á kọ́kọ́ lọ òkúta yẹn kúnná, wọ́n á wá fi kọ́sítíìkì sódà sè é, kọ́sítíìkì tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò yẹn náà, nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n dé pa, ooru àti agbára á pọ̀ nínú ẹ̀, alumíníọ́mù á yọ́ sínú sódà, irin àti ìdọ̀tí yòókù ò ní yọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, ìyẹn lẹrẹ̀ pupa tó máa ń kó wàhálà bá ìlú tí mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Èyí tó yọ́ ni wọ́n á mú kó sílẹ̀ padà, wọ́n á yan án lórí iná tó ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa di ìyẹ̀fun funfun báláú tí wọ́n ń pè ní alúmínà. Carl Josef Bayer ló gbé ọ̀nà yẹn jáde lọ́dún 1888, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún bọ́ksáìtì ló máa di tọ́ọ̀nù méjì alúmínà, tọ́ọ̀nù méjì alúmínà ló máa wá di ẹyọ tọ́ọ̀nù kan alumíníọ́mù.

Alúmínà yẹn kì í ṣe alumíníọ́mù o, Ọ̀gá. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Iná lásán ò lè sọ ọ́ di irin bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi èédú ṣe irin dúdú, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló lè jà á gbà. Lọ́dún 1886 ni Charles Hall l'Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé rí ọ̀nà ẹ̀, kálukú wọn láyè tiẹ̀, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n sì kú. Wọ́n á da alúmínà sínú kírólàìtì, irú iyọ̀ òkúta kan, tó ti yọ́, ó máa gbóná tó 960, wọ́n á ki ọ̀pá kábọ̀n bọ̀ ọ́, iná ńlá á máa gba inú ẹ̀ kọjá, alumíníọ́mù á máa kán sísàlẹ̀ ìkòkò. Iná yẹn ò gbọ́dọ̀ lọ. Kò gbọ́dọ̀ lọ rárá, tó bá fi lọ fún wákàtí mélòó kan péré gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò á dì gbagidi, kí wọ́n tó tún wọn ṣe owó ńlá ni.

Kílò kan alumíníọ́mù máa ń jẹ tó yúnìtì 14, yúnìtì tí à ń rà sínú mítà yẹn ni mò ń wí. Ká pè é ní yúnìtì 14,000 fún tọ́ọ̀nù kan. Nílé tèmi tí iná bá ṣe dáadáa, yúnìtì 150 la máa ń lò lóṣù, ìyẹn ni pé iná tó yọ tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ á lò ó fún ọdún méje àti oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò iléeṣẹ́ tá a ti ní tẹ́lẹ̀, ALSCON tó wà n'Ikot Abasi ní Akwa Ibom. Wọ́n kọ́ ọ láti máa yọ 193,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá fi 14,000 sọ ọ́ di púpọ̀, tẹ́ ẹ pín in sí gbogbo wákàtí tó wà nínú ọdún, ó máa lé díẹ̀ ní 300 megawatt (megawatt kan, yúnìtì 1,000 ní wákàtí kan ni), tọ̀sán tòru, ọjọ́ Sunday, ọjọ́ Iléyá, láìsinmi. Dáàmù Jebba tó wà ní ààlà ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí àti ìpínlẹ̀ Niger, 578 megawatt ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti mú wá. Ó túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ alumíníọ́mù kan ṣoṣo máa jẹ ju ìdajì Jebba lọ, ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé gbogbo iná orí gíríìdì ẹ̀ kì í sábà ju 5,000 megawatt lọ, tó sì jẹ́ pé àwa tá à ń gbé ìtòsí dáàmù yẹn, jẹnẹ́rétọ̀ la fi ń gé prófáìlì.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ibi tí gbogbo èèyàn ń wò kọ́. Iceland ò ní bọ́ksáìtì kankan, àmọ́ wọ́n ní omi tó ń ṣàn láti orí òkè tí wọ́n fi ń mú iná wá, iléeṣẹ́ alumíníọ́mù mẹ́ta ló wà ńbẹ̀. Dubai ò ní òkúta ẹ̀, gáàsì ni wọ́n ní, láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń yọ alumíníọ́mù. Guinea wá ni wọ́n ní bọ́ksáìtì tó wà nílẹ̀ wọn pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lágbàáyé lọ, wọ́n ń kó o jáde ju mílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù lọ́dún, wọn ò ní iléeṣẹ́ kan tó ń yọ alumíníọ́mù, ilé alúmínà kan tó wà ní Fria láti ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní títì pa. Ẹni tó ní iná ló ni alumíníọ́mù.

ALSCON yẹn ló ń dùn mí jù. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, owó tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ ló gbé mì, wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ iná tiẹ̀ mọ́ ọn lára, 540 megawatt tó ń lo gáàsì, wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn pé láìsí iná tiwọn kò lè ṣiṣẹ́. Ọdún 1999 ló ti dúró. Kì í ṣe òkúta ló dá a dúró o, torí wọn ò fi òkúta wa ṣe é tẹ́lẹ̀, alúmínà òkèèrè ni ọkọ̀ ojú omi á máa gbé wá. Ohun tó dá a dúró ni owó tí wọn ò rí fi ṣiṣẹ́, ni odò Imo tí wọn ò gbẹ́ débi tí ọkọ̀ ńlá á fi lè wọlé, ni gáàsì. Wọ́n tà á fún RUSAL ti Rọ́ṣíà lọ́dún 2007, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n tà á fún, ẹjọ́ dé Supreme Court, Supreme Court dájọ́ lọ́dún 2012, iṣẹ́ tún dúró ní 2013. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí i ti lè ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí, gbogbo prófáìlì tí mo gé láti ọdún 16, kò sí èyí tó tibẹ̀ wá.

Ghana náà wà níbẹ̀ tá a lè kọ́gbọ́n lára ẹ̀. Láti ìgbà ogun Hitler ni wọ́n ti ń wa bọ́ksáìtì l'Awaso. Nkrumah kọ́ dáàmù Akosombo, iléeṣẹ́ alumíníọ́mù VALCO bẹ̀rẹ̀ ní Tema lọ́dún 1967, ohun tí bàbá yẹn ní lọ́kàn ni pé òkúta Ghana, iná Ghana, alumíníọ́mù Ghana. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò kọ́ ilé alúmínà sí àárín, ọkọ̀ ń gbé òkúta Awaso lọ sókèèrè, ọkọ̀ mìíràn ń gbé alúmínà bọ̀ láti òkèèrè wá sí Tema. Tí omi Akosombo bá sì ti fà, VALCO ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó dín iná kù, ó ti kú ó ti jí bíi mélòó kan. Tá a bá fẹ́ ṣe é, ẹ má fò àárín.

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún 2024 pé ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ìwakùsà báyìí gbọ́dọ̀ fi hàn bó ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí ohun tó wà níbí kó tó gbé e jáde. Mo yìn yín fún un, tọkàntọkàn. Indonesia ti ilẹ̀kùn pátápátá mọ́ bọ́ksáìtì tútù ní June 2023, Guinea gba ibi ìwakùsà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó jẹ́ ti United Arab Emirates lọ́dún 2025 torí wọn ò kọ́ ilé alúmínà tí wọ́n ṣèlérí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láísẹ́ǹsì yẹn kedere, kí ni "ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀" túmọ̀ sí. Kí ẹnì kan má fọ òkúta, kó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kó kó o sápò, kó wá ní òun ti ṣe tiwa. Fún bọ́ksáìtì, alúmínà ni kó kéré jù. Ẹni tí kò bá lè fi ibi tí iná àti gáàsì ẹ̀ ti máa wá hàn yín, òkúta yẹn ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò ní jẹrà, kó máa wà níbẹ̀.

Torí tá a bá wà á sílẹ̀ tán, ilẹ̀ ò ní padà sípò o. Mo fẹ́ ìyàwó láti Ìfẹ́lódùn. Iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ wá wa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àwọn àna mi, bọ́ksáìtì kọ́, òkúta mìíràn ni, wọ́n wà á tán wọ́n lọ. Kòtò yẹn ṣì wà ńbẹ̀, omi kún un lójò, ẹran ti kó sí i, àna mi ọkùnrin gbé ọgbà ẹ̀gún yí i ká fúnra wọn kí ọmọ ẹlẹ́ni má baà kó sí i, ẹni ọdún 70 ó lé. Apá 116 nínú òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ẹni tó gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ka ìyẹn fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní kò sẹ́ni tó pe àwọn sí ìpàdé kankan rí. Bọ́ksáìtì kì í jìn nílẹ̀, ìpele òkè ni wọ́n máa ń bó, ìyẹn túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tí wọ́n máa bó á fẹ̀, oko ni, igi ni, orísun omi ni. Ẹrẹ̀ pupa tí mo ní mò ń bọ̀ lórí ẹ̀, sódà ṣì máa ń wà nínú ẹ̀, ó ń jó èèyàn lára. Ní October 2010 ògiri adágún tí wọ́n ń kó o sí wó l'Ajka ní Hungary, ẹrẹ̀ yẹn ya wọ ìlú, èèyàn 10 ló kú. Ọdún yẹn náà ni òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara tiwa níbí. Ẹ ò ní sọ pé ẹ ò gbọ́.

Ó ku ohun kan, òun gan-an ló sì súnmọ́ mi jù. Alumíníọ́mù wà nílẹ̀ yìí o, a ti ní i, kò sí nínú òkè, inú ilé wa ló wà. Àwọn ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ káàkiri àdúgbò tí wọ́n ń pariwo kóńdẹ́ẹ̀mù fíríìjì, kóńdẹ́ẹ̀mù jẹnẹ́rétọ̀, agolo, písítìnì, àjákù prófáìlì tí mo bá gé kù, àwọn ni wọ́n ń wà á. Alumíníọ́mù tí wọ́n bá tún yọ́, nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iná ti àkọ́kọ́ ló máa jẹ, kò tó yúnìtì kan fún kílò kan, ó ń yọ́ ní 660 péré, èédú àti fáàǹ lè yọ́ ọ. Àwọn tó ń da ìkòkò wà n'Ílọrin níbí tí wọ́n ń fi yanrìn ṣe mọ́ọ̀dì, iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, Ìlọrin ló ń jẹ́ ìlọ irin tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ irin ò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ti dán ni wọ́n ń jù sínú iná, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù tó jáde lọ́dún 2014 rí i pé òjé wà nínú wọn, òjé yẹn sì ń wọnú oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣà á, ewo ni kó má bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀, kò sí ibì kan tí wọ́n lè gbé e lọ kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó dáa jù nínú àjákù yẹn, tírélà ló ń kó o lọ sísàlẹ̀ Èkó. Kọ́ọ̀sìtọ́ọ̀mù ti ka àjákù irin mọ́ ohun téèyàn ò gbọdọ̀ kó jáde, nítorí náà wọ́n á yọ́ ọ, á di íńgọ́ọ̀tì, ìyẹn búlọ́ọ̀kù irin, íńgọ́ọ̀tì á wọ ọkọ̀ ojú omi, àwa á tún fi dọ́là rà á padà. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè ràn wá lọ́wọ́ kí ilé ìyọ́rin tó dáa wà n'Ílọrin, tí iná ẹ̀ dá yàtọ̀ láti Jebba níbí, tó ń sọ àjákù di bílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìtì alumíníọ́mù tí wọ́n lè fà ní prófáìlì, iná díẹ̀ ló máa gbà, ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ á jẹ, adàkòkò á jẹ, èmi oníwíńdò á jẹ. Yunifásítì Ìlọrin wà níbí, ẹ ní kí wọ́n bá wa yẹ ohun tó wà nínú àjákù wò. Ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. ALSCON ló tẹ̀ lé e, ẹ sọ fún wa ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ má sọ ọ́ fún àwọn oníṣòwò nìkan, ẹ sọ ọ́ fún àwa náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó kan òkè Ekiti àti Mambilla.

Alhaja ti san ìdajì owó ní Wednesday, mo ti ra prófáìlì wọn, mo ti ń gé e. Wọ́n ní tí mo bá ti kọ̀wé yìí tán kí n sọ fáwọn, tí ẹ bá sì fèsì, kí n ka èsì yín fáwọn. Mo ṣèlérí fún wọn pé mo máa kà á.

Èmi ni tiyín,
oníwíńdò kan ní Tanke, Ìlọrin.